Yọ̀rọ̀ yàtọ̀ sí eégbọn: bí a ṣe ń dáàbò bo ilé àti àgbàlá tó wà létí igbó

Bí ajá bá ti inú igbó wọlé, tó jókòó, tó gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, tó sì ń fi ha etí, gbólóhùn kan náà ló máa ń jáde lẹ́nu ọ̀pọ̀ wa: "Eégbọn ti bo ajá yìí." Bí ológbò bá ń bu ìdí ìrù ara rẹ̀ jẹ, eégbọn ni. Bí ohun dúdú bíńtín kan bá fò pọ́ún lórí àga, eégbọn náà ni. Orúkọ kan ṣoṣo la fún kòkòrò méjì tí kò bára wọn tan, àṣìṣe yìí kò sì mọ sórí ọ̀rọ̀ ẹnu. Ó ń jẹ owó, ó ń jẹ àkókò. Ẹni tí yọ̀rọ̀ kún inú ilé rẹ̀ á máa fọ́n oògùn sí koríko. Ẹni tí eégbọn ń gùn lára létí igbó á máa fọ rọ́ọ̀gì. Àwọn méjèèjì á ṣe làálàá títí, kòkòrò á ṣì wà níbi tó wà.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yà wọ́n sọ́tọ̀.

Yọ̀rọ̀ ni èyí tó ń fò. Ẹsẹ̀ mẹ́fà ló ní, kò ní ìyẹ́, ara rẹ̀ sì fún láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́ bí ẹni pé wọ́n fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́. Bó ṣe rí yẹn ló jẹ́ kó lè máa sá láàárín irun bí ẹni ń sá gba àárín oko àgbàdo. Kò gùn ju milimítà 2 sí 3 lọ, síbẹ̀ ó lè fò jìnnà tó sẹ̀ǹtímítà 30. Jìgá tó máa ń wọ ọmọ ìka ẹsẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú ẹbí rẹ̀.

Eégbọn kì í fò. Kì í tọ, kò sì ní ìyẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni kì í dúró lórí igi kó máa já bọ́ lé ènìyàn lórí, ohun yòówù tí ẹ ti gbọ́. Ó ń rìn ni, ìrìn rẹ̀ sì falẹ̀. Ẹsẹ̀ mẹ́jọ ló ní nígbà tó bá dàgbà, aláǹtakùn àti àkeekèé sì ni ìbátan rẹ̀. Bí ebi bá ń pa á, ó tẹ́ pẹrẹsẹ bíi hóró yànmọ̀tí. Bó bá ti mu ẹ̀jẹ̀ yó, ó lè wú tó hóró ẹ̀wà, àwọ̀ rẹ̀ á sì di bí eérú. Yọ̀rọ̀ á bu ni jẹ, á fò lọ. Eégbọn á ki ẹnu bọ awọ ara, á sì so mọ́ ọn fún ọjọ́ mélòó kan.

Ìyàtọ̀ tó ṣe pàtàkì ju ẹsẹ̀ kíkà lọ ni ibùgbé wọn. Yọ̀rọ̀ àgbà ń gbé lára ẹran, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń dàgbà nínú ilé yín. Eégbọn ní tirẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé rẹ̀ ló ń lò ní ilẹ̀, lábẹ́ ewé, níta. Kó tó kú, ó lè má gun ara ẹran ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ. Inú ilé ni a ti ń bá yọ̀rọ̀ jà. Etí igbó àti ara tiwa fúnra wa ni a ti ń bá eégbọn jà. Ẹyọ ẹ̀yà eégbọn kan wà tó ba ìlànà yìí jẹ́, màá dé orí rẹ̀.

Yọ̀rọ̀: èyí tí ẹ kò rí ló pọ̀ jù

Yọ̀rọ̀ tó wọ́pọ̀ jù lára ẹran ọ̀sìn inú ilé ni èyí tí wọ́n ń pè ní yọ̀rọ̀ ológbò, Ctenocephalides felis. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn tàn yín jẹ. Lára ajá pàápàá, òun la sábà máa ń rí. Abo kan lè yé ẹyin 40 sí 50 lóòjọ́. Ẹyin náà ń yọ̀, kò lẹ̀ mọ́ irun, nítorí náà nígbàkigbà tí ẹran bá gbọn ara, ńṣe ló ń dà sílẹ̀ bí iyọ̀: lórí àga, lábẹ́ ibùsùn, nínú ọkọ̀, níbikíbi tó bá ti fẹ̀yìn lélẹ̀.

Ẹyin á pa, á di ìdin. Ìdin yìí kì í mu ẹ̀jẹ̀ lára ẹnikẹ́ni. Ìgbẹ́ àwọn òbí rẹ̀ ló ń jẹ, ìyẹn ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ tó ń já bọ́ láti ara ẹran pẹ̀lú ẹyin. Ó kórìíra ìmọ́lẹ̀, torí náà ó máa ń rì lọ sí ìsàlẹ̀ rọ́ọ̀gì, sínú àlàfo pákó ilẹ̀, sí ẹ̀yìn ìdí àga. Nígbà tó bá yó, á hun òwú yí ara rẹ̀ ká, á sì para dà nínú rẹ̀ di àgbà.

Ìṣirò tí àwọn onímọ̀ kòkòrò sábà máa ń lò ni pé nínú 100 yọ̀rọ̀ tó wà nínú ilé kan, bíi 50 ló jẹ́ ẹyin, 35 jẹ́ ìdin, 10 wà nínú òwú, 5 péré sì ni àgbà tó ń fò tó sì ń bu ni jẹ. Bí ẹ bá pa gbogbo èyí tí ẹ rí, 5 yẹn lẹ pa. Àwọn àgbà ní bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Ti yọ̀rọ̀ tún le ju ti iná lọ, torí pé iná ń gbé nínú aṣọ tí a lè rí.

Inú òwú yẹn gan-an ni wàhálà wà. Oògùn apakòkòrò kì í fi bẹ́ẹ̀ ráyè wọ inú rẹ̀. Ó ń lẹ̀, eruku á sì bo ó lára títí tí ojú kò fi ní lè yà á sọ́tọ̀ mọ́. Yọ̀rọ̀ tó wà nínú rẹ̀ lè ti ṣe tán láti jáde, kó sì jókòó jẹ́ẹ́ fún oṣù mélòó kan bí kò bá gbúròó oúnjẹ. Gìrìgìrì ẹsẹ̀, ooru ara àti èémí tí a ń mí síta ló ń jí i. Ìdí nìyí tí ènìyàn fi lè ti ìrìn àjò dé, kó ṣí ilé tí kò sí ajá tàbí ológbò nínú rẹ̀ fún odindi oṣù kan, kí yọ̀rọ̀ sì ya bo kókósẹ̀ rẹ̀ kó tó gbé àpò kalẹ̀. Kì í ṣe pé ẹnì kan kó o wá. Wọ́n ti ń retí rẹ̀ tipẹ́.

Ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ti ń juwọ́ sílẹ̀ láìtọ́jọ́. Wọ́n á tọ́jú ilé dáadáa, ọ̀sẹ̀ kẹta á pé, yọ̀rọ̀ tuntun á yọjú, wọ́n á ní ayédèrú ni oògùn, wọ́n á ra òmíràn dà lé e lórí. Ayédèrú kọ́. Àwọn tó wà nínú òwú lọ́jọ́ tí ẹ fọ́n oògùn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde. Bí ẹran yín bá ṣì ní oògùn lára, wọ́n á gùn ún, wọ́n á kú kí wọ́n tó rọ́nà yé ẹyin tó pọ̀. Kí ilé tí yọ̀rọ̀ ti gbà tó mọ́ tán, ó lè gba oṣù méjì sí mẹ́ta. Ẹni tó bá mọ èyí ṣáájú kò ní fi owó ṣòfò.

Ara ẹran ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, gbogbo ẹran inú ilé lọ́jọ́ kan náà. Bí ẹ bá tọ́jú ajá tí ẹ fi ológbò sílẹ̀, ẹ kàn sún oúnjẹ yọ̀rọ̀ láti inú abọ́ kan sí òmíràn ni. Ọ̀dọ̀ dókítà ẹran ló yẹ kí ẹ ti gba oògùn náà, yálà èyí tí ẹran ń gbé mì tàbí èyí tí a ń kán sí ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀, kí ẹ sì tún un ṣe nígbà tí wọ́n bá ní kí ẹ tún un ṣe, kì í ṣe nígbà tí ẹ bá rántí. Bí kò bá dá yín lójú pé yọ̀rọ̀ wà, ẹ mú òòyà eléyín wẹ́wẹ́, ẹ ya irun ìdí ìrù rẹ̀, kí ẹ gbọn ohun dúdú tó bá jáde sórí bébà funfun tí ẹ ti rẹ sómi. Erùpẹ̀ á dúró bó ṣe wà. Ìgbẹ́ yọ̀rọ̀ á pọ́n, torí ẹ̀jẹ̀ ni.

Nínú ilé, iṣẹ́ tí mo gbà gbọ́ jù ni ti ẹ̀rọ tó ń fa ìdọ̀tí, lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà lẹ́ẹ̀mejì sí mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ó ń fa ẹyin, ó ń fa ìgbẹ́ tí ìdin ń jẹ, gbígbọ̀n rẹ̀ sì ń tan àwọn tó wà nínú òwú jáde síbi tí oògùn ti lè bá wọn. Ẹ da ohun tó fà dànù síta kíá. Ẹ fi omi gbígbóná fọ ohun tí ẹran ń sùn lé, lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Bí ẹ bá máa fọ́n oògùn, ẹ wá èyí tí methoprene tàbí pyriproxyfen wà nínú rẹ̀. Àwọn wọ̀nyí kì í pa àgbà, ńṣe ni wọ́n ń dí ẹyin àti ìdin lọ́wọ́ láti dàgbà, ibẹ̀ sì ni 85 nínú 100 wọn wà. Ẹ fọ́n ọn sábẹ́ àga àti ẹ̀gbẹ́ ògiri. Agolo tí wọ́n máa ń ṣí sí àárín yàrá kó máa tú èéfín kò wú mi lórí: èéfín náà á balẹ̀ sójú gbangba, yọ̀rọ̀ sì wà lábẹ́ àga.

Àgbàlá ńkọ́? Ní ti yọ̀rọ̀, iṣẹ́ ibẹ̀ kéré ju bí àwọn ènìyàn ti rò lọ. Oòrùn àti ọ̀gbẹlẹ̀ ń pa ìdin rẹ̀. Kò lè yè lórí koríko tí oòrùn ń pa. Ibòji tó ní ọ̀rinrin ni kí ẹ wò: ibi tí ajá ti máa ń sùn lọ́sàn-án, abẹ́ àtẹ̀gùn, abẹ́ ilẹ̀ pákó ìta. Bí ẹranko igbó bá ń gba abẹ́ ilé wọlé láti sùn tàbí láti bímọ, òun ló ń gbé yọ̀rọ̀ wá fún yín. Ẹ rí i dájú pé kò sí ẹranko níbẹ̀, kí ẹ sì fi wáyà dí ihò náà. Ó tán. Ẹni tó ń da oògùn sórí gbogbo pápá nítorí yọ̀rọ̀, ẹ̀tẹ̀ ló fi sílẹ̀ tó ń pa làpálàpá.

Yíyún nìkan kọ́ ni ìyà tí yọ̀rọ̀ ń fi jẹ ni. Bí ajá tàbí ológbò bá gbé e mì níbi tó ti ń fi eyín họ ara, ó lè kó aràn pẹlẹbẹ kan, àwọn ọmọdé náà sì máa ń ṣèèṣì gbé e mì. Yọ̀rọ̀ ara eku ló sì gbé àjàkálẹ̀ àrùn tó pa àìmọye ènìyàn láyé àtijọ́. Dókítà ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Paul-Louis Simond, ló fi ìdí èyí múlẹ̀ ní 1898. Nígbà tó kọ́kọ́ sọ ọ́, ọ̀pọ̀ ni kò gbà á gbọ́.

Eégbọn: ẹ mọ ibi tó ń dúró sí

Ayé eégbọn rọrùn láti lóye bí a bá mọ ohun kan: ọ̀gbẹ ń pa á. Ara rẹ̀ ń yára pàdánù omi. Nítorí náà ó máa ń gun koríko tàbí igi kúkurú dé bí orúnkún wa, á fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn di ewé mú, á na méjì tó wà níwájú sí afẹ́fẹ́, á máa retí. Lára ẹsẹ̀ iwájú yẹn ni ohun tó fi ń gbọ́ òórùn wà, ó ń fi í mọ èémí àti ooru ẹni tó ń bọ̀. Ẹ fara kan ewé náà, ó ti gùn yín. Bí ara rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, á sọ̀ kalẹ̀ sínú ewé tó jábọ́ sílẹ̀, á gba ọ̀rinrin, á tún padà gòkè.

Ẹ wá fi ojú eégbọn wo àgbàlá yín. Koríko tí a gé mọ́lẹ̀ tí oòrùn ń pa jẹ́ aṣálẹ̀ fún un. Abẹ́ igi níbi tí ewé ti gbára jọ nípọn jẹ́ ìlú ńlá. Ní ilé tó bá igbó pààlà, ọ̀pọ̀ eégbọn orí koríko kì í jìnnà ju nǹkan bíi mítà mẹ́ta lọ sí etí igbó, sí ògiri olókùúta tàbí sí igbó ṣẹ́ṣẹ́. Etí yẹn ni kí ẹ lo agbára yín lé.

Ẹ gbá ewé kúrò níbẹ̀, kí ẹ sì kó o lọ sí ọ̀nà jíjìn. Mo ti rí i tí àwọn ènìyàn gbá gbogbo àgbàlá mọ́ tónítóní, tí wọ́n wá wọ́ òkìtì ewé náà sí etí igbó gan-an, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí àwọn ọmọ ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Ilé ni wọ́n kọ́ fún eégbọn. Ẹ gé koríko déédéé, ẹ ké ẹ̀ka tó rẹlẹ̀ kí oòrùn lè wọlé. Ẹ tẹ́ taàrá tàbí ègé igi gbígbẹ tó fẹ̀ tó mítà kan sí àárín koríko àti igbó. Taàrá náà kì í ṣe odi. Eégbọn tó pinnu lè kọjá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó gbẹ, ó gbóná, ìrìn ibẹ̀ kò rọgbọ, ohun mìíràn tó sì ń ṣe ni pé ó ń rán ẹni tó ń rìn létí pé ibí ni ilé parí sí. Ẹ gbé jáńgírófà àwọn ọmọ àti àga ìgbafẹ́ kúrò lábẹ́ igi wá sí gbangba oòrùn. Ìyẹn kò ná yín ní kọ́bọ̀, n kò sì mọ ohun kan nínú gbogbo èyí tó tó o.

Lẹ́yìn náà ni eku. Ọmọ eégbọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa kì í sábà ní àrùn Lyme nínú, ìyẹn àìsàn tí bakitéríà kan ń fà, tí eégbọn sì ń kó ran ènìyàn. Ara eku ló ti ń kó o nígbà tó bá kọ́kọ́ mu ẹ̀jẹ̀. Àgbọ̀nrín tí gbogbo ayé ń bínú sí, òun ló ń bọ́ àgbà eégbọn tó sì ń gbé e káàkiri, àmọ́ kì í ṣe òun ló ń kó àrùn Lyme ràn án. Nítorí náà, ọgbà wáyà tó ga tó mítà 2.4 lè dá àgbọ̀nrín dúró, ó sì dára bí owó bá wà, ṣùgbọ́n eku á gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ẹ to igi ìdáná sókè kúrò nílẹ̀, níbi tó gbẹ, kó jìnnà sí ògiri ilé. Ẹ dí ihò ara ògiri olókùúta. Bí ẹ bá ń fún ẹyẹ ní oúnjẹ, ẹ gbé e jìnnà, torí hóró tó ń dà sílẹ̀ ni eku ń wá jẹ lóru.

Àwọn kan á ní kí a kúkú ra adìẹ tàbí awó kó máa ṣa eégbọn jẹ. Àwọn àgbà ti pa òwe kan: eégbọn so mọ́ àyìnrín lẹ́nu, wọ́n ní kí adìẹ wá ṣà á jẹ, adìẹ mọ̀ pé oúnjẹ àyìnrín lòun. Lótìítọ́, awó máa ń ṣa díẹ̀ lára àgbà eégbọn tó wà lórí koríko. Ọmọ eégbọn tó kéré bí orí abẹ́rẹ́ kò dín kù, òun sì ló ń fa ìjàǹbá jù, nítorí ojú kì í tètè rí i. Ẹyẹ náà sì lè di ẹni tí eégbọn ń mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹ sin adìẹ nítorí ẹyin.

Ọ̀rọ̀ oògùn fífọ́n sí àgbàlá gba àlàyé díẹ̀, torí òun ni wọ́n ń polówó jù. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n dán an wò ní ilé tó lé ní 2,000 ní ìpínlẹ̀ mẹ́ta tí àrùn Lyme ti wọ́pọ̀, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2016. Wọ́n fọ́n oògùn gidi sí àgbàlá àwọn kan lẹ́ẹ̀kan nígbà ìrúwé, wọ́n fọ́n omi lásán sí ti àwọn yòókù, onílé kò sì mọ èyí tó kan òun. Eégbọn dín kù ní nǹkan bíi 63 nínú 100 níbi tí oògùn gidi dé. Ó dára, àbí? Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ka iye ènìyàn tí eégbọn gùn àti iye tó ṣàìsàn, ọ̀gbọọgba ni. Àlàyé tó bọ́gbọ́n mu ni pé eégbọn tó ṣẹ́ kù ṣì pọ̀ tó láti gun ènìyàn, àti pé àgbàlá nìkan kọ́ ni a ti ń kó o. N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má fọ́n oògùn. Mo ń sọ pé kí ẹni tó bá fọ́n ọn má tìtorí ẹ̀ jáwọ́ nínú yíyẹ ara wò. Bí ẹ bá máa fọ́n ọn, ẹ fi mọ sí etí igbó, kí ẹ má fọ́n ọn sórí òdòdó torí oyin, tàbí sí ẹ̀bá odò torí ẹja.

Nísinsìnyí, ẹ̀yà tó ba ìlànà jẹ́ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Rhipicephalus sanguineus ni orúkọ rẹ̀, eégbọn ajá tí àwọ̀ rẹ̀ jọ ti ilẹ̀ pupa. Inú igbó nìkan kọ́ ni ilé rẹ̀. Ó lè bí, kó tọ́, kó sì dàgbà nínú ilé tàbí nínú ilé ajá láìtẹ igbó rárá, torí ajá ló fẹ́ràn láti mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láti kékeré títí dàgbà. Bí ẹ bá rí ọ̀pọ̀ eégbọn kéékèèké tó ń gun ògiri yàrá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun. Abo tó ti yó máa ń wọ inú àlàfo ògiri lọ yé ẹyin ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Gbígbá ewé kò lè ràn yín lọ́wọ́ lórí èyí. Ẹ tọ́jú gbogbo ajá, ẹ dí àlàfo, kí ẹ sì pe ẹni tó mọ iṣẹ́ kòkòrò pípa, torí èyí kò rọrùn fún onílé láti dá kápá.

Ara tiwa, àti ohun kan nípa ológbò

Ẹni tó bá ń wọ igbó, kó wọ ṣòkòtò gígùn, kó ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ inú ìbọ̀sẹ̀. Kò lẹ́wà, mo mọ̀. Ó ń fipá mú eégbọn gba orí aṣọ níbi tí ojú ti lè rí i, pàápàá bí aṣọ náà bá funfun. Permethrin, oògùn apakòkòrò, tí agbára rẹ̀ jẹ́ 0.5 nínú 100 wà fún aṣọ àti bàtà, kì í ṣe fún awọ ara. DEET tàbí picaridin, àwọn oògùn tó ń lé kòkòrò, la fi ń ra awọ ara. Àárín ọ̀nà ni kí ẹ máa rìn. Bí ẹ bá délé, ẹ kó aṣọ gbígbẹ náà sínú ẹ̀rọ tí ń fi ooru gbẹ aṣọ fún ìṣẹ́jú 10 kí ẹ tó fọ̀ ọ́. Ooru gbígbẹ ló ń pa eégbọn, omi tútù kì í pa á. Ẹ wẹ̀ kó tó tó wákàtí méjì. Kí ẹ wá yẹ ara yín wò, pàápàá ẹ̀yìn etí, abíyá, ìdodo, abẹ́ ikùn, ẹ̀yìn orúnkún àti inú irun. Fún ajá, ẹ wò ó láàárín ọmọ ìka, nínú etí, abẹ́ ìgbànú ọrùn.

Ohun tí mo fẹ́ sọ nípa ológbò nìyí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fojú fò ó: permethrin májèlé ni fún un. Oògùn kíkán tí wọ́n ṣe fún ajá lè mú ológbò máa gbọ̀n, kó gbé wárápá fún un, kó sì pa á. Ẹ má pín oògùn ajá sí méjì fún ológbò pé ó kéré. Bí ẹ bá ti kán an sí ajá, ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀ títí ara ajá á fi gbẹ. Aṣọ tí ẹ rẹ sínú permethrin náà, ẹ má jẹ́ kí ológbò sùn lé e nígbà tó ṣì tutù.

Bó bá ti so mọ́ ara

Ẹ má fi iná jó o. Ẹ má fi kẹrosíìnì, òróró tàbí ìpara bò ó pé á jọ̀wọ́ ara rẹ̀. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń fi àkókò ṣòfò, ó sì lè jẹ́ kó pọ itọ́ rẹ̀ sínú ara yín, inú itọ́ náà sì ni àrùn ń gbà wọlé. Ẹ mú ẹ̀mú kékeré onímú ṣóńṣó, ẹ fi di í mú níbi tó súnmọ́ awọ ara jù, ní ẹnu rẹ̀, kì í ṣe ní ikùn tó wú, kí ẹ fà á sókè tààrà láìyí i, láìjá a gbà. Bí ẹnu rẹ̀ bá kù sínú awọ tí kò ṣeé yọ, ẹ fi sílẹ̀. Ara á tì í jáde fúnra rẹ̀. Ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ibẹ̀. Ẹ ju eégbọn náà sínú ọtí líle tàbí sínú ọ̀rá tí ẹ dì pa, ẹ má fi èékánná pa á.

Kíákíá ni kí ẹ ṣe é, ìdí sì wà. Bakitéríà tó ń fa àrùn Lyme, èyí tí wọ́n sọ lórúkọ Willy Burgdorfer tó rí i nínú eégbọn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1980 sí 1989, inú ikùn eégbọn ló ń gbé. Ó sábà máa ń gbà á ju wákàtí 24 lọ kó tó dé inú ẹ̀jẹ̀ wa. Ẹni tó yẹ ara rẹ̀ wò nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó wọ igbó ti ṣáájú rẹ̀. Gbogbo àrùn eégbọn kọ́ ló ń fún ni láyè bẹ́ẹ̀ o: kòkòrò àìfojúrí kan wà ní apá kan Yúróòpù àti Éṣíà tó ń mú ọpọlọ wú, inú itọ́ eégbọn ló ti wà tẹ́lẹ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló sì fi ń wọlé. Abẹ́rẹ́ àjẹsára wà fún ìyẹn. Ẹni tó ń gbé níbẹ̀ tàbí tó ń lọ rìn nínú igbó ibẹ̀, kó béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ dókítà kó tó lọ.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ ọ́, ẹ kọ ọjọ́ náà sílẹ̀ àti ibi tó so mọ́ lára yín. Pípọ́n kékeré tó hàn lọ́jọ́ kejì tó sì pòórá, itọ́ eégbọn ló sábà ń fà á. Èyí tó yẹ kó gbé yín dé ilé ìwòsàn ni pípọ́n tó bẹ̀rẹ̀ láàárín ọjọ́ 3 sí 30, tó ń fẹ̀ lójoojúmọ́, yálà ó yún tàbí kò yún, tàbí ibà, orí fífọ́ àti ara ríro láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ fi ọjọ́ tí ẹ kọ sílẹ̀ han dókítà kí ẹ tó sọ ohunkóhun, torí bí ẹ kò bá dárúkọ eégbọn, ó ṣeé ṣe kó má wá sọ́kàn rẹ̀.